Màrìwò Lára Kúlà Àlàájà

Èmi kì í tètè gba ènìyàn gbọ́. Bí ẹ bá kí mi pé ẹ kú àárọ̀, màá kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run ná. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin dá ẹgbẹ́ alágbára sílẹ̀ nígbà tí a wà ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, èmi ni wọ́n fún ní ojú tó ń rí ẹ̀yìn ògiri. Eré ọmọdé là ń ṣe káàkiri àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó. A ó da kọ́tìnnì séjìká bíi ti àwọn akọni inú fíìmù, a ó fò láti orí àga, a ó gba ará ìlú lọ́wọ́ ìkà. Ọ̀kan nínú wa ń fò, ọ̀kan lọ́wọ́ irin, ẹnì kẹrin, tó jẹ́ ọmọ Òde-Omi létí ọ̀sà, ló ń mí lábẹ́ omi. Ilé kan náà ni gbogbo wa ń gbé. Àlàájà tó ń ta ẹlẹ́rìndòdò tútù níwájú ilé ló ni ín.

Òjò kan wá rọ̀ tí àgbàrá fi gba àgbàlá kọjá. Nígbà tó dá, kúlà ńlá tí Àlàájà fi ń tajà ti pòórá. Ó ń kanlẹ̀kùn kiri, ó ń béèrè, ó ń sunkún, torí pé ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló rà á fún un. Kò rí i. Lọ́jọ́ kan ni ẹnì kan lọ sá aṣọ lẹ́yìn ilé, ló bá bá kúlà lábẹ́ fèrèsé ọmọ Òde-Omi. Okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ irin fèrèsé, wọ́n sì ta màrìwò sí i lára.

Lọ́dọ̀ tiwa lórí ilẹ̀ níbí, ohun tí a bá ta màrìwò sí, èèwọ̀ ni, ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn án. Nígbà tí wọ́n pe Àlàájà wá wò ó, ó fò sẹ́yìn. "Ó jí i, ó tún fi oògùn dè é! Lèsí rán ọ sí mi?" Eré la ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, kọ́tìnnì ṣì wà léjìká wa. Ó wo ọ̀rẹ́ wa tòkè-tilẹ̀. "Bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora." Ó ní bó bá di Jímọ̀, òun á fà á lé àwọn ẹ̀ṣọ́ yunifásítì lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kúrò nílé títí dìgbà náà. Ìdánwò àṣekágbá wa kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹni tí ẹjọ́ olè bá gbé dé iwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí, lílé ni wọ́n ń lé e.

A pe ọ̀rẹ́ wa wọ yàrá. Ó ní àgbàrá ló gbé kúlà wá, òun so ó kó má baà bómi lọ, òun ta màrìwò sí i kí wọ́n lè mọ̀ pé ohun olóhun ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe sí ọkọ̀ ojú omi tó bá já okùn lọ́dọ̀ wọn.

"O gbọ́ tí Àlàájà ń sunkún. Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?"

"Kò bi mí."

Inú bí mi gan-an. Irú èsì wo nìyẹn? Ẹni tó ń fò ní ọ̀rẹ́ wa ni, a ò ní fi í sílẹ̀. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ Òde-Omi, ká lọ wo ibi tí wọ́n ti ń pa irú irọ́ báyìí.

Akọni mẹ́ta, a wọkọ̀ títí ìdí fi ń ro wá. Mo kìlọ̀ fún wọn pé a ò gbọdọ̀ sọ ohun tá a wá ṣe fún ẹnikẹ́ni, kó má jẹ́ pé ó ti ránṣẹ́ ṣáájú wa. Nígbà tí a wà nínú ọkọ̀ ojú omi, tí ẹnikẹ́ni kò wò mí, mo rọra ju bàtà ẹsẹ̀ mi kan sómi. Lẹ́yìn náà la jẹun, tí a rìn létí omi, èmi pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lásán, àwọn ọmọdé ń fi mí ṣẹ̀sín.

Lára òpó ilé kan ni mo ti rí i. Wọ́n fi okùn so bàtà mi, màrìwò wà lára rẹ̀. Ìyá àgbà kan jókòó tì í, ó ń yan ẹja. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi, ó yí ẹja rẹ̀ padà. Mo dúró títí, kò sọ nǹkan kan.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ bá mi rí bàtà kan?"

"Báwo ló ṣe rí?"

Mo sọ àwọ̀ rẹ̀ àti ibi tó ti já. Ló bá rẹ́rìn-ín, ó tú màrìwò, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. "Bí mo bá pariwo rẹ̀," ó ní, "gbogbo èbúté ló máa di olóhun."

Nígbà tí a padà dé, a ròyìn fún Àlàájà. Ojú rẹ̀ kò rọ̀. "Gbogbo ilé yìí ni mo bi!"

"Ẹ bi òun náà, Àlàájà?" Ọlọ́wọ́ irin ló béèrè.

"Ará etí omi? Mo ti mọ̀ pé òun ni, kí ni mo tún fẹ́ bi í?"

Ọ̀rọ̀ náà dúró láàárín wa, òun fúnra rẹ̀ sì gbọ́ ohun tó sọ. Ó fa ìborùn rẹ̀ wá síwájú, ó dìde, ó rìn lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí kò kàn lọ́jọ́ àgbàrá. Ó kàn án.

"Ọmọ mi, ǹjẹ́ o bá mi rí kúlà kan?"

Ohùn ọ̀rẹ́ wa jáde láti inú yàrá. "Báwo ló ṣe rí, ìyá?"

"Búlúù ni," Àlàájà wí, ẹkún sì gbà á lẹ́nu. "Ọwọ́ rẹ̀ kan ti kán. Wáyà ni ọkọ mi fi so ó."