Yẹ̀kínnì àti Páwà-Báǹkì Inú Ọ̀rá

Bí ẹ bá gbé àga lọ tún ṣe lọ́dọ̀ Yẹ̀kínnì ní Mushin, ẹ múra ọ̀rọ̀ gbígbọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ àga bí ẹní mowó. Á kan igi rẹ̀, á gé fóòmù sí i, á fi awọ bò ó, yóò sì gún régé. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá gbé àga délé tí kò tú ọ̀rá ara rẹ̀, tí ó ń jókòó lé ọ̀rá náà lórí, tí ọ̀rá ń dún pàràpàrà lábẹ́ ìdí rẹ̀, tí òógùn sì ń bò ó, wàhálà dé nìyẹn.

"Ta lẹ ń tọ́jú ẹ̀ dè?" ni Yẹ̀kínnì á bi í. "Ṣé èmi tí mo kàn án lẹ fẹ́ kí n wá jókòó sí i ni? Àga ò mọ̀ pé ẹ ń bọ̀wọ̀ fún òun o! Ẹ ya ọ̀rá dànù, kẹ́ ẹ jókòó!"

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ti sọ ọ́ títí tí àwọn ará àdúgbò fi ń bá a parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni níí báni rí tẹni. Yẹ̀kínnì náà ní ọ̀rá tirẹ̀ nílé.

Páwà-báǹkì kan ló wà nínú ọ̀rá yìí, dúdú, ó wúwo bíi bíríkì kékeré. Azeezah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló rà á fún un lẹ́yìn ìgbéyàwó rẹ̀. Ọmọ náà ní, "Bàbá, bí iná bá lọ, ẹ máa fi ṣáàjì fóònù yín, kí n má máa pè yín kí n má rí yín bá sọ̀rọ̀." Yẹ̀kínnì tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, iná wínníwínní mẹ́rin sì tàn sí i lójú. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ṣàdúrà fún Azeezah títí ó fi rẹ ọmọ náà láti máa ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ó dá nǹkan náà padà sínú páálí rẹ̀, ó fi ọ̀rá wé páálí, ó sì tì í bọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbádá tó ń wọ̀ lọ́jọ́ iléyá. Làbákẹ́ ìyàwó rẹ̀ bi í pé ìgbà wo ni yóò lò ó. Ó ní ó di ọjọ́ pàjáwìrì.

Ààwẹ̀ dé, ó lọ. Òmíràn tún dé, ó tún lọ. Fóònù Yẹ̀kínnì ń kú bí fóònù gbogbo èèyàn ṣe ń kú, yóò sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣáàjì, yóò tò sórí ìlà bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Páwà-báǹkì ń sùn nílé. Síbẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ kí ó má fi yangàn lórí ìlà náà. "Eléyìí tí mo ń ṣe yìí, eré ni. Ọjọ́ tọ́rọ̀ bá le, fóònù tèmi ò lè kú láéláé."

Ìgbà tí Azeezah lóyún ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ìpè ìrun ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ etí ọmọ tuntun, Yẹ̀kínnì sì ti fi sọ́kàn pé ohùn òun ni yóò gbé e wọlé. Bẹ́ẹ̀, àna rẹ̀ ní Àgùdà, Alhaji Abdulfatai, bàbá Muadh tó fẹ́ Azeezah, ni ladáànì mọ́sálásí wọn. Bí Alhaji bá pe ìrun, ẹni tó ń sùn á jí láì bínú. Òun ni ìdílé gbà pé yóò pè é. Ni Yẹ̀kínnì bá wọ bàtà, ó lọ bẹ̀ ẹ́.

"Alhaji, ọmọ pọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ ṣì máa pè é fún ọ̀pọ̀. Azeezah nìkan lèmi ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi eléyìí jìn mí."

Alhaji rẹ́rìn-ín. "Kò burú, àna mi, mo gbà. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kó pẹ́. Ẹ ṣáà rí i pé fóònù yín ń ṣiṣẹ́."

"Fóònù tèmi?" Yẹ̀kínnì bú sẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

Ó bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò. Bí kò bá sí oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù, yóò ká fóòmù roboto, yóò fi aṣọ wé e, yóò gbé e mọ́ àyà, yóò sì máa pe ìrun sí i níbi tó bá ti fojú dá pé etí wà. Ká má purọ́, ohùn Yẹ̀kínnì kò dáa. Ó dà bíi ti ẹni tó ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹ̀gẹ́. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, bí àwọn èèyàn bá sì ń rẹ́rìn-ín, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Fóòmù ò tíì ráhùn."

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń retí ọmọ ni tiransifọ́mà àdúgbò jó. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ: olówó àti tálákà jọ wà nínú òkùnkùn. Èrò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oníjẹnẹrétọ̀ débi pé jẹnẹrétọ̀ náà dákú. Caroline, tó ń dirí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Yẹ̀kínnì, wá bá a.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yá mi ní páwà-báǹkì yín, ó kéré tán kí fóònù mi rí nǹkan díẹ̀ jẹ. Ó ti fẹ́ kú, àwọn kọ́sítọ́mà mi ò ní rí mi."

"Caroline, pàjáwìrì ni mo fi pamọ́ dè. Irun dídì kì í ṣe pàjáwìrì."

Caroline wò ó lókè-nílẹ̀. "Ó dáa sà. Ẹ kú ìtọ́jú." Fóònù rẹ̀ kú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ìrọbí mú Azeezah. Muadh àti Làbákẹ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdí-Àràbà. Yẹ̀kínnì fẹ́ bá wọn lọ, ṣùgbọ́n Làbákẹ́ kò gbà. Ó mọ ọkọ rẹ̀: yóò máa da ọkàn gbogbo ènìyàn rú.

"Bàbá Azeezah, ẹ jókòó ti fóònù yín. Bó bá ti bí báyìí, a ó pè yín. Ṣebí ibí ò jìnnà síbẹ̀?"

Ó jókòó ti fóònù. Kò pẹ́ tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé ebi ń pa òun. Inú Yẹ̀kínnì kò bàjẹ́ rárá, inú rẹ̀ dùn ni. Ọjọ́ pàjáwìrì dé! Ó sáré délé, ó gbé ọ̀rá rẹ̀ wá síwájú ṣọ́ọ̀bù ní gbangba kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Ó tú u, ó ṣí páálí, ó ní "Bísímílláì," ó ki wáyà bọ̀ ọ́.

Fóònù kò dáhùn. Ó yí wáyà padà. Ó tẹ bọ́tìnnì, kò sí iná kankan tó ṣẹ́jú sí i nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó fi nǹkan náà gbá àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Nígbà tó wà lọ́mọdé, bí bátìrì tọ́ọ̀ṣì bá ti rẹ̀, wọ́n á sá a sóòrùn, á sì tún tàn díẹ̀. Ni Yẹ̀kínnì, bàbá àgbà ọ̀la, bá sá páwà-báǹkì sórí bẹ́ǹṣì nínú oòrùn, ó sì jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ èlùbọ́.

Caroline fi irun tó ń dì sílẹ̀, ó wá wò ó. "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ ṣáàjì ẹ̀ gbẹ̀yìn?"

"Ṣáàjì kẹ̀? Ṣebí òun ló ń ṣáàjì nǹkan?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló jẹ́ kó yé Yẹ̀kínnì pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Caroline rọra sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, páwà-báǹkì náà ń jẹun. Iná tó wà nínú ẹ̀ nígbà tí wọ́n fún yín ti tán síbi tó sùn sí." Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni fóònù Yẹ̀kínnì ṣókùnkùn.

"Caroline, bá mi fi tìẹ pe Làbákẹ́."

Caroline na fóònù tirẹ̀ sí i. Òun náà dúdú kíríkírí.

Yẹ̀kínnì dìde. Kò bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́, kò gbọn fóòmù kúrò ní irùngbọ̀n, kò tilẹ̀ mọ̀ pé páwà-báǹkì ṣì wà lọ́wọ́ òun. Ó fi ẹsẹ̀ sáré, ó fi ẹsẹ̀ rìn. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ bú ara rẹ̀. "Ìwọ Yẹ̀kínnì. Ìwọ ọlọ́gbọ́n tó ń kọ́ gbogbo Mushin bí wọ́n ṣe ń jókòó. Ta lò ń tọ́jú ẹ̀ dè? Kò yé ọ títí ó fi kú sínú kọ́bọ́ọ̀dù!" Obìnrin kan yà fún un lójú títì, ó rò pé orí rẹ̀ ti yí.

Alhaji Abdulfatai ló kọ́kọ́ rí níwájú ilé ìwòsàn, nínú aṣọ funfun.

"Ẹ kú ewu ọmọ, àna mi! Ọkùnrin ni! Tìyátọmọ ló wà láàyè."

"Alihamudulilai. Ewu iná kì í pa àwòdì." Yẹ̀kínnì ń mí gúlegúle. "Alhaji, ṣé... ṣé ẹ ti pè é?"

Alhaji wo ilẹ̀. "A pè yín títí. Òyìnbó obìnrin inú fóònù ń sọ pé ẹ ti súìṣì ọ́ọ̀fù. Làbákẹ́ ní ká pe Caroline kó sáré wá sọ fún yín, tiẹ̀ náà ò lọ. Mo dúró, àna mi, mo dúró títí àwọn èèyàn fi ń wò mí. Ẹ má bínú."

Ó dùn Yẹ̀kínnì wọ egungun. Ìbá rọrùn fún un bí ó bá rí ẹni dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n òun ló pa fóònù tirẹ̀, òun náà ló pa ti Caroline. "Ẹ ṣeun, Alhaji," ló rí sọ. "Ó kúkú sàn fún ọmọ náà. Ohùn tó dáa ló kọ́kọ́ gbọ́."

Ó wọlé. Azeezah dùbúlẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́, ọmọ wà ní àyà rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí òsì ọmọ náà. Làbákẹ́ tó jókòó tì í mi orí.

"Ẹ wá gbà wá lọ́wọ́ ọmọ yín o, Bàbá Azeezah. Àtìgbà tí Alhaji ti pè é tán ló ti di etí ọmọ mú. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án."

"Bàbá," ni Azeezah wí, "Alhaji ti pe tọ̀tún. Wọ́n fẹ́ pe tòsì mọ́ ọn, mo ní rárá. Tiyín ni." Ojú rẹ̀ bá bọ́ sára ohun tó wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ó rí ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi lẹ ojú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, tí kò tíì ṣí. "Bàbá! Ẹ ò tíì bọ́ ọ̀rá ara ẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú nítorí ìrora. Yẹ̀kínnì náà rẹ́rìn-ín. Kí ni yóò ṣe? Ó gbé páwà-báǹkì fún Làbákẹ́, ó sì gba ọmọ.

Ìpè kejì ló wà fún etí òsì, èyí tí wọ́n máa ń yára pè nígbà tí ìrun bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Yẹ̀kínnì kò fi ìyẹn dánra wò rí. Síbẹ̀ ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ ló ti ń gbọ́ ọ ní mọ́sálásí. Azeezah gbé ọwọ́ kúrò. Etí náà kéré, ó sì lọ́wọ́ọ́wọ́ nítorí ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó ti wà lórí rẹ̀. Yẹ̀kínnì tẹ orí ba, ó pè é. Ohùn rẹ̀ ha, ó gbọ̀n, ó sì tún ha.

Ọmọ náà rún ojú, ó la ẹnu, ó sì figbe ta.

"Fóòmù ò ké báyìí rí," ni Yẹ̀kínnì wí. Òun náà ti ń sunkún.