Epo Tí Mẹkáníìkì Mi Rọ Sínú Gíà

Ọwọ́ òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ni mo ti ra ọkọ̀ náà, nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gba ọwọ́ ọ̀tún, sítíárìn tèmi sì ṣì wà lápá ọ̀tún, tó fi jẹ́ pé bí mo bá fẹ́ kọjá lára lọ́rì, ìyàwó mi tó jókòó lápá òsì ló máa ń bá mi yọjú wo iwájú. Ìyẹn kò dùn mí. Ohun tí mo fi ń yangàn ni pé ọkọ̀ náà kò ní klọ́ọ̀ṣì. Ọtomátíìkì ni, fúnra rẹ̀ ló ń pààrọ̀ gíà. Ní gbogbo Kétu tí a ń gbé nígbà yẹn, n kò mọ ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀.

Kí òyìnbó náà tó lọ, ó ṣàlàyé fún mi pé epo gíà ọkọ̀ yìí kì í ṣe epo ẹ́ńjìnnì. Pupa ni, agolo tirẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Ó ní kí n máa pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da nǹkan mìíràn sí i. Nígbà tí àsìkò tó, mo wọ Èkó lọ, mo ra epo náà ní odidi páálí kan, mo sì gbé e lọ bá mẹkáníìkì mi.

Ará ìlú wa ni, láti apá Ìjẹ̀bú. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ìkòsì, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la sì jọ ń lọ. Kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láìkọ́kọ́ ṣí fìlà kó gbàdúrà. Lọ́jọ́ tí ìyàwó mi ń rọbí àkọ́bí wa, tí òjò ò sì jẹ́ ká rí ọkọ̀ wọ̀, òun ló gbé e dé ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló tún kù tí n bá fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún?

Ó ní kí n máa lọ síbi iṣẹ́, kí n padà wá gbé e ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo dé, ó fa géèjì tí wọ́n fi ń wo epo gíà yọ, ó fi hàn mí. Epo orí rẹ̀ pupa dáadáa. Mo béèrè àwọn agolo, ó ní àwọn obìnrin tó ń ra agolo òfìfo ti kó wọn lọ. Mo dúpẹ́, mo sì wa ọkọ̀ mi lọ.

Àsìkò ọyẹ́ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ki ọkọ̀ sí gíà, ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ò sún. Ó tó bí ìgbà tí èèyàn á fi mu ẹ̀kọ tán kó tó rọra fà wá síwájú. Bó ṣe rí láràárọ̀ nìyẹn. Mo lọ bá mẹkáníìkì náà, ó ní ara gíà kò tíì mọ epo tuntun, ó tún gbàdúrà sí i. Mo ṣe àmín.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ń gbé ìyá mi lọ kí àbúrò wọn ní Áńtónì. Ìyá mi wà lẹ́yìn, ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A kò tíì kọjá Ọjọ́tà púpọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ìgbà tí nǹkan há a lọ́fun, tí ọkọ̀ sì ń falẹ̀. Òórùn kan wọlé. Ìyá mi béèrè ẹni tó ń dín nǹkan. Mo ní bóyá ará ẹ̀bá títì ni. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń lọ ni òórùn náà ń le sí i, títí èéfín fi bẹ̀rẹ̀ sí í rú lábẹ́ ọkọ̀. Ìyá mi fi ìborùn bo imú, wọ́n sì bì sí ẹsẹ̀ ara wọn kí n tó ráyè dúró ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fa géèjì gíà yọ. Ìyàwó mi gba géèjì lọ́wọ́ mi. Epo pupa ló ń tà lọ́jà Kétu, ní kẹ́ẹ̀gì-kẹ́ẹ̀gì. Ó fi ìka méjì ra epo náà, ó gbé e sí imú.

Ó ní, "Daddy, epo ọbẹ̀ nìyí."

Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù, mẹkáníìkì náà fúnra rẹ̀ wá ra epo lọ́wọ́ òun, ó ní ìyàwó òun fẹ́ dáná fún àlejò. Ìyàwó mi ní òun tilẹ̀ bu ẹ̀nì fún un.

A bá ìyá mi wá bọ́ọ̀sì tó gbé wọn padà sílé, a sì bẹ lọ́rì kan kó fi okùn fa ọkọ̀ wa dé Ìkòsì. Mẹkáníìkì náà kọ́kọ́ sẹ́. Ó gbé Bíbélì jáde nínú àpótí irin iṣẹ́, ó fẹ́ fi búra. Ìyàwó mi kò fi "o" bá a sọ̀rọ̀ rí, "ẹ" ló máa ń lò fún un.

Lọ́jọ́ yẹn, ó wò ó lójú, ó ní, "Gbé ìwé Ọlọ́run sílẹ̀. Ṣé epo mi kọ́ lo rọ sí i?"

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ sínú ọ́ìlì tó wà nílẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé òun ti ta páálí epo mi fún dírẹ́bà olówó kan. Nítorí pé mo mọ̀ pé pupa ni, òun wá epo tó pupa. Òun fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì là á kó má baà ki jù.

Mo ní kó tú u sílẹ̀ lójú mi. Ohun tó jáde kò ṣeé wò. Ó dúdú, ó ki, ó ń yọ̀ bí ikun, ó ní ègé-ègé nǹkan jíjóná nínú, ó sì ń rùn bí ìkòkò ọbẹ̀ tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí ìyàwó mi bá gbé ọbẹ̀ síwájú mi, ńṣe ni mò ń ti àwo náà padà.

Àwọn àgbà ìlú wa ní Kétu pè wá jọ. Ohun tó ká wọn lára jù ni kí àwọn ará ibòmíràn má gbọ́. Wọ́n ní kí n gbàgbé rẹ̀, ọmọ ìyá ni wá. Ọkùnrin náà ra epo gidi padà, ó rọ ọ́ sí i. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, òun náà ló gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn sì ṣe àmín. Mo jáde síta lọ tu itọ́.

Ṣùgbọ́n kí n má dá ara mi láre. Ọkọ̀ náà ń lọ, àmọ́ mo mọ̀ pé inú gíà ti jó. Mo polówó rẹ̀. Tíṣà kan láti Mende wá wò ó, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, gíà ńkọ́?"

Mo ní, "Epo tuntun ló wà níbẹ̀."

Òótọ́ ni mo sọ. Ó sanwó, ó dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn ìyẹn tí mo rí i ní Maryland, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń ti ọkọ̀ náà nínú oòrùn. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà. Mo yí ojú mi sí apá kejì títí a fi kọjá.