Ọjọ́ tí Ọ̀gá Wa Gbẹnu Sọ fún Asẹ́ Mi

Òórùn omi ọ̀sà tó ti sùn ni mo fi ń rántí ọdún náà. Lẹ́yìn ilé ìwádìí wa ní Yábà, níbi tí wọ́n kó àwọn jẹnẹrétọ̀ tó ti bàjẹ́ jọ sí, ni mo gbé táǹkì ńlá kan kalẹ̀ sí. Kẹ́ẹ̀gì ni mo fi ń bu omi ọ̀sà wá síbẹ̀, tòun ti ewéko ojú omi àti láílọ́ọ̀nù píọ́ wọ́tà tó wà nínú rẹ̀, torí mi ò fẹ́ omi tó mọ́. Tí oòrùn bá ti pa á díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ẹja tí wọ́n gbàgbé sínú báàgì, òórùn dísẹ́ẹ̀lì á tún dà pọ̀ mọ́ ọn. Bí mo bá wọkọ̀ lọ sílé ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó nírọ̀lẹ́, àwọn èèyàn á rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò kàn mí. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn gan-an ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ogun ojú omi ni, inú ọkọ̀ kékeré tó ń ṣọ́ ọ̀sà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń fa omi ọ̀sà sínú kó má baà gbóná jù. Tí láílọ́ọ̀nù bá ti dí ẹnu ibi tó ti ń fa omi, kíá ni ẹ́ńjìnnì á gbóná, á sì kú. Bó ṣe kú mọ́ wọn lọ́wọ́ nìyẹn lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń gbé ọmọkùnrin kan tó ṣèṣe lẹ́sẹ̀ bọ̀ wá sílé ìwòsàn. Omi ń gbé wọn kiri lábẹ́ oòrùn, ẹnì kan wà lábẹ́ ọkọ̀ tó ń fi ọwọ́ fa láílọ́ọ̀nù. Ọmọkùnrin náà ò kú, ṣùgbọ́n wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Ẹkún ni ẹ̀gbọ́n mi fi sọ ọ́ fún mi, èmi tí mi ò rí i kó sunkún rí. Torí ìyẹn ni mo ṣe asẹ́ tó wà nínú táǹkì yẹn. Ẹnu méjì ló ní: tí ọ̀kan bá dí, omi á gba ẹnu kejì wọlé, omi yẹn kan náà á sì ti ìdọ̀tí tó wà lẹ́nu àkọ́kọ́ padà sínú ọ̀sà. Ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ́ńjìnnì ò sì ní kú. Gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí ìjọba kéde owó ìrànwọ́ fún ìwádìí tó jẹ mọ́ iṣẹ́ ogun ojú omi, inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun. Láìsí owó yẹn, asẹ́ mi ò lè kúrò nínú táǹkì dé ara ọkọ̀ gidi. Èmi ni mo kọ ìwé ìbéèrè náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa. Kò sẹ́ni tó ń fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ láìjẹ́ pé orúkọ Ọ̀gá ló ṣáájú. Ọ̀gá wa, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí ẹ̀ka wa, ò tiẹ̀ béèrè fún un. Kí ló fẹ́ béèrè fún? Ọ̀wọ̀ là ń pè é. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sókè gẹ́gẹ́ bí olórí iṣẹ́, mo kọ tèmi sísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́. Ó ka ojú ìwé àkọ́kọ́, ó buwọ́ lù ú. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló wá síbi táǹkì mi, ó fi háńkáṣíìfù bo imú, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi," ó bá tirẹ̀ lọ.

Wọ́n pè wá. Ìgbìmọ̀ tó máa pín owó náà fẹ́ jókòó ní gbọ̀ngàn kan ní Sùúrùlérè, wọ́n sì ti sọ ọ́ ṣáájú pé olórí iṣẹ́ ló máa sọ̀rọ̀. Mo lọ bá Ọ̀gá ní ọ́fíìsì, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n fi bí asẹ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn yín kó tó di ọjọ́ yẹn."

Ó wò mí láti òkè gíláàsì rẹ̀. "Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ tí mo ti ń ṣe kí wọ́n tó bí ọ?" Ó rẹ́rìn-ín sí i, bí ẹni ń ṣàwàdà. Mo dìde, mo jáde.

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, nígbà tí ọjọ́ náà pé, ó sọ̀rọ̀ dáadáa níbẹ̀rẹ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń kí àwọn èèyàn ńlá, ó mọ ìgbà tó yẹ kó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá ológun kan tó wà lára ìgbìmọ̀ náà, bàbá kan tí irun rẹ̀ ti funfun, béèrè ohun kan péré. Ó ní, "Tí asẹ́ yín bá dí lójú omi, kí ni àwọn tó wà nínú ọkọ̀ máa ṣe?"

Ara mi yá gágá. Ìbéèrè tí mo ti ń retí nìyẹn. Ọ̀gá wa ju ọwọ́ dànù bí ẹni tí wọ́n bi ní nǹkan kékeré. "Wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á tú asẹ́ náà, wọ́n á fọ̀ ọ́. Kò ní pẹ́ rárá."

Orí mi fò lọ. Ohun tí mo fi gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn ṣiṣẹ́ kó má baà ṣẹlẹ̀ mọ́, òun ló ń ṣàlàyé fún wọn yìí. Mo nawọ́. Obìnrin tó jẹ́ alága wò mí, kò sì fi ìkanra sọ ọ́ pé, "Olórí iṣẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, àfi tí wọ́n bá gbà yín láyè." Gbogbo wọn yíjú sí Ọ̀gá. Èmi náà yíjú sí i. Ó rí i lójú mi pé òun ti ṣì í sọ. Mo mọ̀ pé ó rí i. Ó ní, "Kò pọn dandan, mà." Bàbá ológun yẹn pa fáìlì iwájú rẹ̀ dé.

Nínú ọkọ̀ rẹ̀, bí a ṣe ń kọjá ní Ìpọ̀nrí, ó ní kí n má da ara mi láàmú, pé wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ fún tipẹ́. Mo ń wo ojú wíńdò. Èsì dé, wọ́n sọ ọ́ láìfi bò: asẹ́ tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kú kí wọ́n tó fọ̀ ọ́ ò yanjú ìṣòro kankan. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ti tan tirẹ̀ káàkiri pé ojúsàájú ni wọ́n ṣe, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì ń wọlé wá kí mi. "Ẹ kú ìrọ́jú. Orílẹ̀-èdè yìí náà nìyẹn." Ṣé o mọ ohun tó bí mi nínú jù? Ìjọba ti rẹ́ mi jẹ rí, mo sì ti bú wọn bó ṣe yẹ. Lọ́jọ́ yẹn, wọn ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ìbéèrè gidi ni wọ́n bi wá, ìdáhùn játijàti la fún wọn. Àwọn èèyàn wá ń bá mi kẹ́dùn lórí irọ́, èmi náà ń sọ pé ẹ ṣeun.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí wọ́n gba àwọn olùkọ́ tuntun sí ẹ̀ka wa. Níbi ìpàdé tí a fi kí wọn káàbọ̀, Ọ̀gá tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, pé ká ní a fún wọn ní nǹkan lábẹ́ tábìlì ni, àwa ni à bá gbà á. Àwọn ọmọ yẹn ń mi orí, wọ́n ń gbé e mì bí oògùn. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Àbí irọ́ ni mo pa, ọmọ mi?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Irọ́ ni."

Mo sọ ìyókù, mi ò sì dákẹ́ títí mo fi sọ ọ́ tán: ìbéèrè tí wọ́n béèrè, ìdáhùn tó fún wọn, àti bí mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ tí kò jẹ́. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, á kọjá lára mi bí ẹni tí kò rí èèyàn. Àwọn àgbà ẹ̀ka wa ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Mi ò lọ, mi ò sì ní lọ. Ìbínú yẹn ò tíì tán nínú mi, mi ò sì bẹ Ọlọ́run pé kó bá mi mú un kúrò, torí òun ló jẹ́ kí n mọ ìyàtọ̀ láàárín kí n bọ̀wọ̀ fún àgbà àti kí n yọ̀ǹda iṣẹ́ ọwọ́ mi fún un lórúkọ ọ̀wọ̀. Ìjọba ti tún kéde owó náà, mo sì ti fi ìwé ránṣẹ́. Orúkọ mi nìkan ló wà níbẹ̀. Èsì ò tíì dé. Wọ́n lè tún sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni wọ́n máa sọ ọ́ fún.