Ojú Ọjọ́ Padova Tí Màámi Ń Wò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, mo fẹ́ ròyìn ohun kan tó ṣojú mi kòró nílé wa ní Torino, ní àwọn ọdún 1990. Àwọn ọmọ mi ló fà á. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n bá fóònù mi níbi tí mo ti ṣí ojú ọjọ́ Torino, Brescia, Ìbàdàn àti Ìṣẹ́yìn sílẹ̀, ni wọ́n bá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ló kàn mí kan òjò ìlú tí n ò gbé? "Mamma, ma perché?" Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, perché náà!

Nígbà yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Tómi, àkọ́bí mi. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní magazzino kan, ilé ìkẹ́rùsí, ní Settimo Torinese, kì í sì í tètè dé. Èmi nìkan ni mo ń dá jókòó ti ọmọ tuntun, ẹ̀rù omi wíwẹ̀ rẹ̀ ń bà mí. Ẹni tó bá ti bímọ nílẹ̀ òkèèrè láìsí ìyá nítòsí á mọ ohun tí mò ń sọ. La bá pe Màámi láti Ìṣẹ́yìn.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Màámi. Jẹ́ọ́gíráfì ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ iléèwé, títí di òní ni àwọn àgbàlagbà kan ní Ìṣẹ́yìn ṣì ń bẹ̀rù wọn. Oṣù kẹta ni wọ́n dé. Wọ́n ní ohun méjì ni àwọn bá wá: kí àwọn wẹ Tómi, kí àwọn sì fojú kan Délé kí físà àwọn tó tán.

Délé ni àbúrò mi, àbíkẹ́yìn Màámi. Ó ń kọ́ iṣẹ́ injiníà ní yunifásítì ní Padova, Màámi ò sì tíì rí i láti ọjọ́ tó ti wọkọ̀ òfuurufú. Ní Ìṣẹ́yìn, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ọmọ tíṣà ń kọ́ iṣẹ́ injiníà ní Ítálì. Màámi ti rí sí ìyẹn!

Ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, oòrùn yọ, gbogbo àdúgbò mọ́lẹ̀ kedere. Màámi wo ojú fèrèsé, wọ́n bọ́ súwẹ́tà, wọ́n jáde sí balcone pẹ̀lú ìró àti bùbá nìkan. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sá wọlé, tí eyín ń gbá eyín. Wọ́n ní irú oòrùn wo lèyí, tó ń ràn tí kò ta èèyàn lára? Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àbí ta ni nínú wa tí kò ṣe irú ẹ̀ rí? Ẹni tó bá ti Nàìjíríà dé, tó bá ti rí oòrùn, aṣọ ló máa kọ́kọ́ bọ́. Èmi náà bọ́ ọ lọ́dún tí mo dé, ikọ́ ló kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Láti ọjọ́ yẹn, Màámi ní àwọn ò gba fèrèsé gbọ́ mọ́. Tẹlifíṣàn ló kù. Lẹ́yìn ìròyìn ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ sójà máa ń dúró síwájú máàpù Ítálì, á máa tọ́ka síbi tí òjò máa rọ̀ àti ibi tí oòrùn máa ràn. Bó bá ti yọjú báyìí ni Màámi máa kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá." Ọkọ mi ní ó dà bíi pé Màmá ti rí ọkọ fẹ́ ní Ítálì. Wọ́n ní kó fi àwọn sílẹ̀ jàre, pé ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n kọ́, àfi pé ó máa ń dí máàpù lójú àwọn ọmọ kíláàsì.

Wọn ò gbọ́ èdè tó ń sọ, ṣùgbọ́n àwòrán oòrùn kò nílò ògbufọ̀. Wọ́n ní kí n fi Torino han àwọn, mo fi hàn wọ́n lápá òsì lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òkè ńlá. Wọ́n ní Padova ńkọ́? Mo fi hàn wọ́n lápá ọ̀tún, nítòsí òkun. Láti ìgbà náà, Padova ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó wo Torino tí a jókòó sí. Eré lásán ni mo pè é.

Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n sọ ìwà Màámi kan fún yín. Wọn kì í kí èèyàn lásán. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ kú òjò. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ kú ọyẹ́. Bí ooru bá mú, ẹ kú ooru. Mo mọ̀ pé gbogbo wa la máa ń kí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti Màámi le! Wọ́n ní èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà lórí ẹni kó tó kí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹnu lásán lèèyàn ń là. Lórí fóònù náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí tí wọ́n fi ń wo Padova nìyẹn, kí wọ́n lè rí ohun tí wọ́n máa fi kí Délé.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni Délé máa ń pè wá. Ó ní wọ́n ti gé fóònù ilé tí òun ń gbé, nítorí náà cabina, àgọ́ fóònù ojú títì, ló ti ń pè, kò sì sí bí àwa ṣe lè pè é. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ní ìdí tí kò fi lè wá. Lónìí, esame ni, ìdánwò. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, sciopero ni, àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, reluwé ò rìn. Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀jọ̀gbọ́n kan fẹ́ rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Mẹ́kà ni wọ́n ń lọ láti Padova sí Torino? Ẹni tó bá wọ reluwé láàárọ̀ á bá wa jẹun ọ̀sán!

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, oòrùn kún gbogbo òkè máàpù. Lọ́jọ́ kejì, Màámi gba fóònù, wọ́n ní, "Délé, o kú oòrùn o." Délé ní oòrùn wo, pé òjò ò jẹ́ kí àwọn jáde láti àná. Ló bá yára béèrè Tómi. Màámi ní ara Tómi le.

Lẹ́yìn ìyẹn, òtútù tún padà wá sọ́dọ̀ wa, a tún ń lọ́ mọ́ riscaldamento, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru. Màámi kí Délé kú òtútù. Mo fi etí mi ti fóònù, mo gbọ́ tó rẹ́rìn-ín pé òtútù kẹ̀, pé ẹ̀wù péńpé ni òun wọ̀, òógùn ń bò òun. Mo sọ fún Màámi pé ọmọ yẹn ń ṣeré ni. Wọ́n kàn ń pọn Tómi.

Nígbà tó wá sọ pé òun ò ní lè wá ṣọdún Àjíǹde lọ́dọ̀ wa, inú mi ru. Físà Màámi ti ń lọ sópin! Mo sọ fún ọkọ mi pé kó múra, pé lọ́jọ́ Sátidé à ń wa mọ́tò lọ sí Padova, pé etí ni màá fi fa Délé dé Torino. Màámi ń fi òróró ra ọmọ lára. Wọn ò gbé ojú sókè, wọ́n ní kí á má yọ ara wa lẹ́nu, pé a ò ní bá a níbẹ̀.

Mo ní kí lẹ ń sọ, Màámi? Wọ́n ní kí n ṣe sùúrù di ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí ọkùnrin aláṣọ sójà yọjú, Màámi dìde, wọ́n lọ síwájú tẹlifíṣàn, wọ́n fi ìka kan Padova gẹ́lẹ́ bíi pé wọ́n tún wà ní kíláàsì.

"Rónkẹ́, wo ibí. Láti ìgbà tí mo ti ń kí Délé, kò sọ ojú ọjọ́ ibí fún mi lẹ́ẹ̀kan." Ìka wọn wá ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀, títí ó fi dé gìgísẹ̀ máàpù Ítálì tó rí bíi bàtà. "Ibí lòjò ti rọ̀ lọ́jọ́ tó ní òjò ò jẹ́ kí àwọn jáde. Ibí looru ti mú nígbà tí òtútù ń pa wá. Kí ni wọ́n ń pe ibí?"

"Puglia ni, Màámi."

"Puglia lọmọ mi wà."

Mo jiyàn. Mo ní àwọn tó ń sọ ojú ọjọ́ máa ń ṣì í, ṣebí àwọn náà rí i bí wọ́n ṣe ṣèlérí oòrùn fún wa lọ́jọ́sí tí òjò pa aṣọ ọmọ lórí okùn. Wọ́n ní òótọ́ ni, ọkùnrin náà lè ṣì í lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ṣé Padova nìkan ló máa ń ṣì lójoojúmọ́, tí á sì máa sọ ti Puglia bó ṣe rí gan-an?

Mo ní ó dáa, bó bá pè lọ́jọ́ Ìsinmi, màá bi í ní tààrà ibi tó wà. Ìgbà yẹn ni Màámi yíjú sí mi, wọ́n ní:

"O ò ní bi í. Ojú ló ń tì í. Tí ojú bá tì í ju báyìí lọ, kò ní pè mọ́, ibo la ti máa wá a?"

N ò tíì ronú dé ibẹ̀. Kò sí àdírẹ́sì, kò sí nọ́ńbà, cabina yẹn nìkan ló so wá pọ̀ mọ́ ọn. Bí a bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ báyìí, Màámi á padà sí Ìṣẹ́yìn láìrí ọmọ wọn, a ò sì mọ̀ bóyá àwa náà á tún gbọ́ ohùn rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn, Màámi ò jẹun bó ṣe yẹ. Òjò ò kúrò ní gìgísẹ̀ máàpù. Wọ́n ṣì ń kí ọkùnrin náà kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ohùn wọn ti lọ sílẹ̀, Puglia ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ wò.

Ọjọ́ Ìsinmi pé. Oòrùn ń wọ pálọ̀ wa láti ojú fèrèsé. Fóònù dún, Màámi gbé e fúnra wọn, mo sáré fi etí ti i.

"Délé, o kú òjò."

Délé rọra dáhùn, bí ẹni tó ti kọ́ ọ sórí tẹ́lẹ̀: "Màámi, oòrùn ló wà ní Padova lónìí." Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ yẹn ti fura! Ó ti lọ wo ojú ọjọ́ Padova nínú ìwé ìròyìn ibi kan kó tó pè wá. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

"Mo mọ̀ pé oòrùn wà ní Padova," ni Màámi wí. "Ìwọ ni mò ń kí."

A ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, àfi òjò tó ń lu orí cabina. Mo gbọ́ ọ ketekete. Lẹ́yìn náà ni Délé bú sẹ́kún, èmi náà bú sẹ́kún, Tómi tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ náà gbà á. Màámi nìkan ni kò sunkún. Wọ́n kàn ń sọ pé, "Mo ń gbọ́ ẹ. Mo ń gbọ́ ẹ."

Ló bá sọ gbogbo rẹ̀. Ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ó tún un ṣe, kò yege. Nígbà tí kò sí esame tó lè fi hàn, wọn ò tún permesso di soggiorno rẹ̀, ìwé ìgbélùú, ṣe fún un mọ́. Ojú tì í láti wá bá wa, ló bá tẹ̀ lé àwọn kan lọ sí Puglia, wọ́n ń gé ewébẹ̀ kan tó ń jẹ́ carciofi lóko olóko. Màámi ò béèrè sátífíkéètì. Wọ́n béèrè bóyá òrùlé ibi tó ń sùn ń jò, wọ́n béèrè bóyá ó ń jẹun. Wọ́n ní kó máa bọ̀.

Lọ́jọ́ tó máa dé, Màámi ní dandan àwọn máa lọ pàdé reluwé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ Porta Nuova, mo sì pọn Tómi tẹ̀ lé wọn. Oòrùn ń ràn, àwọn èèyàn ń lá áísìkiriìmù gelato kiri. Délé sọ̀ kalẹ̀. Ó ti rù, kóòtù rẹ̀ ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ dáadáa, oje carciofi ti sọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di dúdú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Màámi, àwọn Òyìnbó ń yà fún un.

Èmi wá ń retí ohun tí Màámi máa fi kí i. Ṣé oòrùn Torino ni, àbí òjò ibi tó ti ń bọ̀? Màámi ò wo òkè rárá. Wọ́n fà á dìde, wọ́n kó ọwọ́ dúdú méjèèjì sínú ọwọ́ tiwọn.

"Káàbọ̀, ọmọ mi."

Délé ò di injiníà. Pálọ̀ wa ló ń sùn títí tí ìjọba fi ṣí ọ̀nà fún àwọn tí kò níwèé, ó gba permesso, ó rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ irin kan ní Brescia, ibẹ̀ ló fẹ́yàwó sí. Màámi fúnra wọn ló padà sọ ọ́ ní Ìṣẹ́yìn pé ọmọ àwọn kò ṣe injiníà mọ́, pé irin ló ń rọ, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ kó máa sọ. Wọ́n ti sùn báyìí, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n bí Délé bá pè mí lọ́jọ́ Ìsinmi, mo ti wo Brescia kó tó pè.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé àwa tí a wà lókè òkun, oòrùn nìkan la máa ń ròyìn fún àwọn ará ilé. Bí ẹni yín bá sì ń wá àwáwí, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó bínú sí i, ẹ wádìí ohun tó ń rọ̀ lé e lórí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti mọ ibi tí ẹ wà rí láìjẹ́ pé ẹ sọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí gbogbo wa kà á. Bí oòrùn bá ń ràn níbi tí ẹ wà, ẹ kú oòrùn. Bó bá sì jẹ́ pé òjò ni, tí ẹ ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ kú òjò o.