Káún Kì í Ṣe Pótáṣì

Mi ò fẹ́ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísítìrì, àwọn náà ò sì fẹ́ràn mi. Láíbìrì yunifásítì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń kọ́ wọn bí a ṣe ń wá ìwádìí àwọn ẹlòmíràn lórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó kọ iṣẹ́ àṣekágbá wọn. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀, fóònù ni wọ́n ń tẹ̀.

Ọmọbìnrin ará Ọ̀kà kan ló bí mi nínú jù. Káún tí wọ́n ń tà lọ́jà Ìkàrẹ́ ló ń ṣe ìwádìí lé lórí. Ó tẹ "pótáṣì" sínú kọ̀ǹpútà, torí ohun tí gbogbo wa ń pe káún lédè Òyìnbó nìyẹn. Ṣùgbọ́n pótáṣì inú ìwé àwọn Òyìnbó, nǹkan mìíràn ni: potásíọ̀mù ló wà nínú tiwọn, sódíọ̀mù ló pọ̀ nínú káún wa. Mo ní kó yí ọ̀rọ̀ tó ń wá padà.

"Mà, ṣé ẹ ka kẹ́mísítìrì ni?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. A ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kí òun lọ ààtàn lọ jẹ̀. Mo fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa dáhùn ìbéèrè lórí iṣẹ́ wọn, iná ò sí ní ẹ̀ka wọn, wọ́n wá lo gbọ̀ngàn láíbìrì. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà, mo bá jókòó ti ilẹ̀kùn. Bí ọmọ náà bá yege, yóò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Àlejò tó wá dán wọn wò ṣí iṣẹ́ rẹ̀.

"O kọ ọ́ pé nígbà tí o fi káún sínú iná, iná náà di àwọ̀ àlùkò. Ṣé bẹ́ẹ̀ lo rí i?"

"Yẹ́lò ni mo rí, sà. Àlùkò tí potásíọ̀mù ń ṣe nínú iná ló wà nínú àwọn ìwé pótáṣì tí mo kà."

Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ yíjú sí mi kíá. "Ẹ̀yin ará láíbìrì, ṣé ohun tí ẹ ń kọ́ wọn nìyí?"

Kí n tó fèsì, ọmọ náà ti dá a lóhùn.

"Wọ́n sọ fún mi pé kí n yí ọ̀rọ̀ náà padà, sà. Mo wá bá yín. Ẹ ní kí n má dá wọn lóhùn, pé ìwé títò ni iṣẹ́ wọn."

Ọwọ́ olùkọ́ yẹn ni máàkì wà, ọmọ náà sì mọ̀. Kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Èmi àti olùkọ́ náà kì í kí ara wa títí dòní.

Nígbà tí ọmọ náà padà sí kíláàsì mi lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹnìkan láti ẹ̀yìn bi mí bóyá mo ka kẹ́mísítìrì. Ọmọ ará Ọ̀kà náà ló yíjú padà, tó ní kí onítọ̀hún panu mọ́.