Obìnrin Tó Ń Fọhùn fún Bàálù Tí Kò Sí

Olóhùn-Púpọ̀ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì bá a mu. Bó bá ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó fi ẹ̀rọ bo etí, òun nìkan ló máa di awakọ̀ bàálù mẹ́jọ. Á fi ohùn ọkùnrin kan tí oorun ń kùn tọrọ àyè láti sọ̀ kalẹ̀. Kó tó mí, ó ti di ọ̀dọ́bìnrin tó ń kánjú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ọ̀kankan nínú bàálù wọ̀nyí lókè. Àmì kéékèèké lójú kọ̀ǹpútà lásán ni wọ́n.

Ohun tó fà á ni pé àwọn aláṣẹ fẹ́ tún ọ̀nà tí bàálù ń gbà wọ̀lú pín. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ta ni yóò fi ẹ̀mí èèyàn dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò? Wọ́n wá kó àwọn ojúlówó adarí bàálù, àwọn tó ń ti ilẹ̀ sọ ọ̀nà fún awakọ̀, jọ sí yàrá kan, wọ́n gbé ojú ọ̀run àfarawé síwájú wọn, wọ́n ní kí wọ́n máa darí rẹ̀ bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Yàrá kejì ni àwọn tó ń fọhùn bí awakọ̀ wà. Ògiri là wọ́n láàárín, ohùn nìkan ni wọ́n fi mọra.

Iṣẹ́ náà tẹ́ obìnrin yìí lọ́rùn, torí ó kéré tán, ẹnì kan máa ń dá a lóhùn níbẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ilé wọn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti dá wáí. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà lókè òkun pẹ̀lú ọkọ tirẹ̀, ọjọ́ Àìkú ló ń pè, ìpè ọ̀hún kì í sì í pẹ́. Bí ìyá bá ṣílẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, á tan iná, á gbé ìkòkò kaná, ẹnu rẹ̀ tó ti ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀ á wá pa dé. Nígbà kan ó ní, “Ẹ kú ilé o,” ó rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀, ẹ̀rín náà sì bà á lẹ́rù.

Nínú àwọn adarí, ọ̀kan wà tó máa ń húkọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Kò mojú rẹ̀ rí, Oníkọ́ ló ń pè é lọ́kàn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Oníkọ́ bá ti pàṣẹ tí awakọ̀ sì ti dáhùn, á ní, “Ẹ ṣeun,” ohun tí òfin iṣẹ́ kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ṣeun yẹn ni obìnrin yìí ń retí lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá tó ń bójú tó ìdánwò náà bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí.

“Àǹtí, mo fẹ́ kẹ́ ẹ da nǹkan rú fún wọn díẹ̀ lónìí. Ẹ jẹ́ kí bàálù yín kan ní aláìsàn.”

“Irú àìsàn wo?”

“Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá a. Ṣebí ẹnu yín ò kọṣẹ́.”

Nígbà tí bàálù pọ̀ lójú kọ̀ǹpútà bí eèrà tó rí ṣúgà, ó pe Oníkọ́. “A ní aláìsàn o. Màmá kan ló dákú. A fẹ́ tètè sọ̀ kalẹ̀.”

Oníkọ́ húkọ́. “Mo gbọ́ yín. Ẹ yà sápá ọ̀tún, ẹ máa bọ̀ tààrà.” Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí kò sí nínú ìwé: “Ṣé ẹnì kan wà pẹ̀lú màmá náà?”

Obìnrin yìí gbàgbé ohùn awakọ̀ tó ń lò. “Kò sẹ́nì kankan,” ó ní. “Òun nìkan ló ń rìn.”

“Ẹ sọ fún un pé à ń mú un bọ̀.”

Ṣùgbọ́n Oníkọ́ kò rí ibi gbé bàálù náà gbà. Méjì nínú àwọn ọ̀nà tuntun náà ti fún mọ́ra jù. Kó lè lanà fún aláìsàn, ó ní láti ti bàálù mẹ́ta sọ́dọ̀ adarí kejì, ọwọ́ ìyẹn sì ti kún. Kò pẹ́ tí àmì méjì fi pọ́n wẹ̀ẹ̀, wọ́n ti súnmọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀gá dá ìdánwò dúró. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ́ fò láìfarakanra, àmọ́ bàálù kì í ṣẹyẹ.

“Ẹ má fajú ro,” ọ̀gá sọ fún wọn. “Ìdí tá a ṣe ń ṣe é nìyí. Ó sàn kó bàjẹ́ níbí ju kó bàjẹ́ lókè lọ.” Wọ́n sún ọ̀nà kan sẹ́yìn, wọ́n tún un ṣe, aláìsàn sì kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Nídìí ẹ̀rọ omi ni ọkùnrin kúkúrú kan ti tọ obìnrin yìí wá. Ó húkọ́. “Ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀ màmá tó dákú?”

“Èmi ni, sà.”

“Mo mọ̀ pé kò sí i. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò kúrò níbẹ̀. Ṣé ara ẹ̀ yá?”

Ó kù díẹ̀ kó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó wojú ọkùnrin náà. “Ara ẹ̀ ti yá.”

“Ẹ ṣeun.” Ó mu omi díẹ̀. “Ìyá tèmi dá ṣubú sílé ni. Ó di ọjọ́ kejì kẹ́nikẹ́ni tó mọ̀.”

“Ha! Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún wọn.”

“Àmín. Ẹ̀yin náà ń kọ́? Ta ló wà pẹ̀lú yín nílé?”

“Ilé wà,” ó ní.

Ọkùnrin náà mi orí, ó bu omi sí ife kejì fún un.

Nígbà tí ìdánwò parí, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Oníkọ́ padà sílùú tó ti wá, wọn ò sì gba nọ́ńbà ara wọn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, obìnrin yìí pe ọmọ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọjọ́ Àìkú.

“Màámi! Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Kò sí o. Mo ní kí n gbọ́ ohùn ẹ ni.”

“Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà, Màámi. Màá pè yín padà.”

Kò pè padà lọ́jọ́ yẹn. Ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá aránṣọ tó ń gbé ìsàlẹ̀, obìnrin tí òun pẹ̀lú rẹ̀ kì í bára wọn sọ ju ẹ káàárọ̀ lọ, ó sì na kọ́kọ́rọ́ kan sí i.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Bẹ́ ẹ ò bá gbúròó mi láàárọ̀, ẹ ṣílẹ̀kùn wọlé.”

Aránṣọ gba kọ́kọ́rọ́ náà. “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká lò ó,” ó ní, ó sì so ó mọ́ okùn tí sísọ́ọ̀sì rẹ̀ wà.

Ìrọ̀lẹ́ kò yí padà fún un. Ìkòkò ṣì ń hó fún ẹnì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kó tó wẹ̀, ohùn kan máa ń ké látìsàlẹ̀ pé, “Ṣé ẹ ti jí?” Òun náà á dáhùn látojú fèrèsé.