Ewúro Tí Ìyá Mi Fọ̀

Mo rántí òórùn ilé wa l'Ọ́wọ̀ ní àwọn Sátidé ìgbà yẹn: òórùn ọkà bàbà tí a rẹ títí ó fi hù, tí a sá, tí a lọ̀, tó wá ń hó nínú ìkòkò ńlá lórí gáàsì. Tíṣà kẹ́mísírì ni mí, bíà pípọn sì ti gbà mí lọ́kàn bí ọmọdé tó rí bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe bíà tí gbogbo ayé ń mu o. Èyí tó mọ́ rẹ́súrẹ́sú, tó ń ta sánsán, tó korò débi pé ẹni tó mu ún á kọ́kọ́ dijú, á fajú ro, á wá na ife padà pé kí n bu sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti òkè òkun dé ló kó bá mi. Ó fún mi ní ewé kíkorò tí àwọn òyìnbó fi ń pọn ọtí, họ́ọ̀pù ni wọ́n ń pè é, irú kan báyìí tí òórùn rẹ̀ dà bí èèpo ọsàn. Ìgbà tí ewé náà tán, mo rìn káàkiri bí ẹni tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀. Mo gbìyànjú orógbó, ọtí yẹn di oògùn ikọ́. Ewúro ló wá kó mi yọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í já ewúro lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà àwọn ará àdúgbò bí ewúrẹ́. Ìyàwó mi ní kò burú, ohun tó bá wu ọmọ jẹ kì í run ọmọ nínú, ó sì lọ ṣí gbogbo fèrèsé kíṣìnnì sílẹ̀.

Ọdún yẹn ni bàbá mi kú nílé wọn ní Ipele, nítòsí Ọ̀wọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìntì ni bàbá mi, oko ló ń ṣe kó tó kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá mi ní àwọn ò ní sùn nínú ilé yẹn mọ́. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n wọ ọkọ̀ mi láì bojú wẹ̀yìn. Ẹ wo obìnrin tó máa ń sọ fún wa ní kékeré pé ọwọ́ tó bá dilẹ̀ ni èṣù ń bẹ̀ lọ́wẹ̀! Ilé mi l'Ọ́wọ̀ ni wọ́n wá jókòó sí, lórí àga kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n káwọ́ lé itan láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Bí a bá gbé oúnjẹ wá, wọ́n á bù ú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní àwọn ti yó. Àwọn ìyá ìjọ wá kí wọn, wọn ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn ju "ẹ ṣeun" lọ. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, kò rí àrùn kankan. Wọ́n ń gbẹ lójú wa. Ẹ̀rù bà mí gan-an, kí n má parọ́. Mo ń rò ó pé òkú kejì là ń tọ́jú yẹn.

Ní Sátidé kan, mo já ewúro tó kún abọ́ ńlá, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, mo jáde lọ rọ gáàsì. Mo ti fọ́nnu fún àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi pé èyí tí mo fẹ́ pọn yìí á korò ju ìyà lọ. Ìgbà tí mo padà dé, àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣófo. Mo sáré yí sẹ́yìn ilé. Ìyá mi ni mo bá lórí àpótí, tí wọ́n ká apá bùbá sókè, tí wọ́n da iyọ̀ sí ewúro mi, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n ń fún un, tí ìfófòó aláwọ̀ ewé ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Wọ́n da omi yẹn nù, wọ́n tún bu òmíràn. Ewé ti rọ, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí. Gbogbo ìkorò tí mo ń wá kiri ló ń wọ gọ́tà lọ lójú mi.

Mo la ẹnu. Ìyàwó mi dúró lẹ́yìn wọn, ó ń mi orí sí mi: má dán an wò.

"Ewúro yìí mà korò o," ni ìyá mi wí láì wòkè. "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ ewúro fọ̀. Ẹ kàn fẹ́ fi ṣe ara yín léṣe nínú ọbẹ̀."

Òógùn wà níwájú orí wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí òógùn lójú ìyá mi kẹ́yìn.

"Ẹ ṣeun, Màmá," ni mo wí. Mo kó ewé ọ̀hún sínú ìkòkò bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí ọtí náà tó mu, àwọn tíṣà wá tọ́ ọ wò. Tíṣà bàọ́lọ́jì mu ẹ̀kún ẹnu kan, ó wo ife, ó wò mí. "Wọ́n ní adùn ló ń gbẹ̀yìn ewúro," ó ní, "tìrẹ, adùn ló ṣáájú, ewúro ò sì dé títí di báyìí." Wọ́n fi mí ṣẹ̀sín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo gba gbogbo rẹ̀, nítorí ìyá mi wà nítòsí. Àfi bí ìyá mi ṣe pè mí láti orí àga.

"Kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín? Bu díẹ̀ wá."

Ìyá ìjọ tí kò fẹnu kan ọtí rí! Mo bu díẹ̀. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní ó dùn bí omi ìrèké, ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

"Ó yẹ kó korò, Màmá."

"Kó korò báwo?"

"Gan-an ni."

Wọ́n wo ife, wọ́n wo ìyàwó mi tó ti sá wọ kíṣìnnì. "Yéè! Èmi ni mo fọ̀ ọ́! O dúró, ò ń wò mí, mo ń fọ ọtí rẹ dà sí gọ́tà, o wá ní ẹ ṣeun?" Ẹ̀rín bú lẹ́nu wọn. Wọ́n rín in títí ìró fẹ́ẹ́ tú, wọ́n sì ń pè mí ní sùẹ̀gbẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ sunkún. Wọ́n bi mí pé ibo ni mo ti rí ewúro ọ̀hún. Mo ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ìtòsí. Wọ́n pòṣé. "Ìyẹn náà ni ewúro? Ewúro wà lẹ́yìnkùlé wa. Eléwé wẹ́wẹ́. Bàbá rẹ kì í jẹ́ kí n gé e, wọ́n ní oògùn ibà àwọn ni." Wọ́n gbé ife fún mi. "Bí a bá ti ìsìn dé lọ́la, gbé mi lọ sí Ipele."

Koríko ti bo ojúde nígbà tí a débẹ̀. Èrò mi ni pé kí a gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá sẹ́yìn, kí wọ́n má baà rí yàrá bàbá mi. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni wọ́n kọrí sí. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n ṣí i. Mo fẹ́ di apá wọn mú.

"Fi mí sílẹ̀. Ilé mi nù un."

Wọ́n dúró lójú ọ̀nà, wọ́n gbóhùn sókè bí wọ́n ti máa ń ṣe tí wọ́n bá ti oko tàbí ṣọ́ọ̀ṣì dé: "Ẹ kúulé o!"

Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Mo mọ ẹni tí wọ́n ń kí. Ìdáhùn ọ̀hún kì í ṣe tèmi, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́ kí ìkíni wọn wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀," ni mo wí lẹ́yìn wọn.

Wọ́n yíjú wò mí. Wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n ní kí n lọ yá ìgbálẹ̀ wá lọ́dọ̀ aládùúgbò. Wọn ò bá mi padà sí Ọ̀wọ̀ mọ́. Ewúro ni mo gbé délé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọtí tí mo fi pọn sì korò débi pé tíṣà bàọ́lọ́jì bẹ̀ mí pé ó tó gẹ́ẹ́.

Ipele náà ni wọ́n wà dòní. Irun orí èmi gan-an ti ń funfun. Bí mo bá lọ já ewúro, láti ojúde ni mo ti máa ń ké pé, "Ẹ kúulé o!" Wọ́n á dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé. Mo máa ń gbọ́ wọn ketekete. Síbẹ̀ mo máa ń dúró, mo máa ń kí wọn lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n lè tún dáhùn. Wọ́n ní etí mi ti ń di. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, ó ti ń di.